Òpó ẹ̀jẹ̀ kan, ìwé àyẹ̀wò méjì: ohun tó ń mú kí nọ́ńbà àyẹ̀wò ọkàn yàtọ̀ síra

Tábìlì kékeré kan wà ní pálọ̀ Dádì Mọ́kọ́lá tí wọ́n máa ń to oògùn wọn sí. Lọ́jọ́ Sátidé tí mo lọ kí wọn, wọ́n ti kó oògùn kúrò, ìwé méjì ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Ọ̀kan wá láti ilé àyẹ̀wò kan níbí ní Ìbàdàn. Èkejì wá láti Èkó, níbi tí ọmọ wọn ti fi dandan lé e pé àfi kí wọ́n tún un ṣe. Oṣù márùn-ún ló wà láàárín méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni Dádì, tíṣà ìṣirò ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, báírò pupa ò sì tíì kúrò lọ́wọ́ wọn títí dòní. Wọ́n ti fa ìlà sábẹ́ nọ́ńbà mẹ́rin.

Ìwé ti Ìbàdàn ní kálísíọ̀mù, ohun líle bí òkúta tó wà lára òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn wọn, jẹ́ 92, àti pé òpó iwájú apá òsì ti fún ní 52%. Ti Èkó ní kálísíọ̀mù jẹ́ 108, òpó kan náà sì fún ní 45%.

"Ìwọ tó ò ń kọ̀wé kiri, wá bá mi yẹ èyí wò," ni Dádì wí. "Òkúta ara òpó pọ̀ sí i, ojú òpó wá tún fẹ̀ sí i. Ìṣirò wo nìyẹn?"

Mọ́mì, ìyàwó wọn, ò tilẹ̀ jẹ́ kí n jókòó dáadáa. "Ìṣirò kankan ò sí ńbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ló gba owó wa, tó wá kọ ohun tó wù ú."

Mi ò bá Mọ́mì jiyàn. Ẹni tó bá san owó àyẹ̀wò CT ọkàn (ẹ̀rọ tó ń fi X-ray ya àwòrán inú ara) lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù márùn-ún lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Kì í sì í ṣe ilé wọn nìkan lọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti di ohun tí à ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ẹbí báyìí: ẹ̀gbọ́n tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á ní kí wọ́n tún un ṣe, àbúrò tó wà ní Àbújá á ní kí wọ́n sáré gbé bàbá lọ sí Íńdíà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ti Dádì, kò sẹ́ni tó purọ́. Oníkálukú kọ ohun tó rí. Ohun tí ìwé méjèèjì ò kọ ni pé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní àyè tó lè fì sí, sókè tàbí sísàlẹ̀, àyè ọ̀hún sì fẹ̀ ju ìyàtọ̀ tó ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé yẹn lọ.

Ẹ mú báírò kan, ẹ yọ rọ́bà tíńrín tí yíǹkì wà nínú rẹ̀ síta. Bí òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn ṣe mọ nìyẹn, nǹkan bíi mílímítà 2 sí 4 ní fífẹ̀. Wọ́n lọ́ mọ́ ara ọkàn bí ìtàkùn, àwọn ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ẹran ọkàn fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ CT tó wọ́pọ̀ ní tirẹ̀ kò lè rí ohun tó kéré ju nǹkan bí ìdajì mílímítà lọ ketekete. Ìyẹn ni pé tí òpó bá fẹ̀ ní mílímítà 3, ojú mẹ́fà péré ni ẹ̀rọ ní láti fi wò ó láti etí kan dé ìkejì. Tí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n bá fi ojú kan ṣoṣo ṣì í, ó ti fi nǹkan bí 17% ṣì í nìyẹn.

Dádì ṣe ìyókù fúnra wọn lẹ́yìn àpò ìwé kan. 52 yọ 45, ó ku 7. Tí òpó bá fẹ̀ ní mílímítà 3, 7% rẹ̀ jẹ́ 0.21. Wọ́n gbójú sókè wò mí. "Ìdá kan nínú márùn-ún mílímítà? Òun la torí ẹ̀ lọ sí Èkó?"

Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwé méjèèjì kéré sí ohun tí ojú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lè dá mọ̀.

Nọ́ńbà kálísíọ̀mù ló yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí mo rò pé ńṣe ni ẹ̀rọ ń wọ̀n ọ́n bí ẹlẹ́ran ṣe ń wọn ẹran sórí ìwọ̀n. Rárá o. Òfin tí ènìyàn ṣe ló wà nídìí rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Godfrey Hounsfield, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní EMI (ilé-iṣẹ́ kan náà tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù orin nígbà náà, ẹ ò rí nǹkan), ló ṣe ẹ̀rọ CT tí wọ́n kọ́kọ́ fi ya orí aláìsàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1971. Òun àti Allan Cormack jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1979. Orúkọ Hounsfield ni wọ́n fi ń pe ìwọ̀n tí CT ń lò: omi jẹ́ 0, afẹ́fẹ́ jẹ́ −1000, ohun tó bá le bí eegun á sì ga lọ sókè, á funfun báláú lójú àwòrán. Nígbà tó di 1990, Arthur Agatston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé òfin kan jáde tí a ṣì ń lò di àkókò yìí. Ohunkóhun tó bá ti ka 130 sókè lára òpó, tó sì gbilẹ̀ tó mílímítà onígun mẹ́rin kan, kálísíọ̀mù ni ká kà á sí. Wọ́n á wo bó ṣe gbilẹ̀ tó, wọ́n á wá sọ ọ́ di púpọ̀: ẹ̀ẹ̀kan tí ibi tó funfun jù lára rẹ̀ bá wà láàárín 130 àti 199, ẹ̀ẹ̀mejì tó bá jẹ́ 200 sí 299, ẹ̀ẹ̀mẹta tó bá jẹ́ 300 sí 399, ẹ̀ẹ̀mẹrin tó bá ti tó 400. Wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Òun ni 92, òun náà ni 108.

Ẹ wá wo ibi tó ti ń yọ̀. Ká ní òkúta wẹ́wẹ́ kan wà lára òpó tó gbilẹ̀ tó mílímítà onígun mẹ́rin 4. Lónìí, ibi tó funfun jù lára rẹ̀ ka 198. Mẹ́rin lọ́nà kan, 4. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òkúta kan náà, ara kan náà, ẹ̀rọ kan náà, ó ka 202. Mẹ́rin lọ́nà méjì, 8. Kò sí ohun tó yí padà lára ẹni náà, nọ́ńbà rẹ̀ sì ti di ìlọ́po méjì. Kò sì nira kí ìwọ̀n fi mẹ́rin yẹ̀. Gbogbo àwòrán CT ló ní àmì wínníwínní funfun àti dúdú tó fọ́n sára rẹ̀, bíi tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́ tí èèrìàlì rẹ̀ kò dúró dáadáa, àmì yìí sì máa ń pọ̀ sí i lára ẹni tó sanra, torí ẹran púpọ̀ ni ìtànṣán X-ray ní láti là kọjá.

Ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń gé àwòrán náà tún wà. Abala-abala ni CT ń gé àwòrán ara sí, àyẹ̀wò kálísíọ̀mù sì máa ń lo èyí tó nípọn ní mílímítà 3. Ẹ rántí mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje. Tí ẹ bá fi ọ̀bẹ gé e, ẹyin lè bọ́ sínú abala kan lódindi, ó sì lè jẹ́ àárín ẹyin gan-an ni ọ̀bẹ gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkúta wẹ́wẹ́. Tó bá bọ́ sí àárín abala kan, á funfun dáadáa, wọ́n á kà á. Tí abala méjì bá pín in, ìdajì síhìn-ín, ìdajì sọ́hùn-ún, funfun rẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ ẹran tó yí i ká, ó sì lè má tó 130 níbì kankan. Kò sẹ́ni tó máa rí i. Ibi tí ọ̀bẹ ti bẹ̀rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ bí aláìsàn ṣe sùn lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ náà àti bó ṣe mí sínú tó.

Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé lára àwọn tí kálísíọ̀mù wọn kéré ni nọ́ńbà ti máa ń fò jù. Nínú ìwádìí MESA, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2000, tó sì gba ènìyàn 6,814 wọlé, ẹ̀ẹ̀mejì léraléra ni wọ́n ya ọkàn àwọn ènìyàn náà níbi ìjókòó kan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín yíyà àkọ́kọ́ àti ìkejì tó nǹkan bí 20% ní ìpíndọ́gba. Kò tíì sí oṣù márùn-ún láàárín, ìṣẹ́jú péré ni. Láti 92 dé 108, nǹkan bí 17% péré ni. Ṣùgbọ́n àárín wọn ni 100 wà, ibi tí ìwé ti máa ń yí ọ̀rọ̀ padà láti "díẹ̀" sí "ìwọ̀ntúnwọ̀nsì", ọkàn Dádì sì ń bá ọ̀rọ̀ yẹn fò.

Àwọn tó ń ra gàrí ní ọjà Bódìjà mọ ọ̀rọ̀ yìí ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Kóńgò kan náà, gàrí kan náà: ìyá kan á fi ọwọ́ gé e dọ́gba, èkejì á jẹ́ kó rú téńté, ẹ̀kẹta á kọ́kọ́ fi kóńgò gbá ilẹ̀ kó lè rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹni tó bá ń rà lọ́wọ́ ẹnì kan lósoosù máa mọ̀ nígbà tí ọjà bá wọ́n. Ẹni tó bá ra ti oṣù yìí lọ́wọ́ ìyá àkọ́kọ́, tó ra ti oṣù tó ń bọ̀ lọ́wọ́ ìyá kejì, tó wá ń sọ pé gàrí ti gbówó lórí, ọwọ́ ló ń wọ̀n, kì í ṣe gàrí.

Ti CT tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ torí pé gàrí inú kóńgò yìí kì í dúró jẹ́ẹ́. Ọkàn ń lù. Ẹ̀rọ máa ń fi wáyà ECG tẹ́tí sí i, á sì dọ́gbọ́n ya àwòrán ní àkókò díẹ̀ tí ọkàn máa ń sinmi láàárín ìlù kan àti òmíràn. Tí ọkàn bá ń lù ní 60 tàbí kó dín ní ìṣẹ́jú kan, ìsinmi yẹn gùn tó. Tó bá ń lù ní 80, ó ti kúrú, àwòrán á sì fà bí fọ́tò ọmọdé tó ń sáré. Òpó apá ọ̀tún ló máa ń jù fìrìfìrì jù nínú gbogbo wọn, òun ló sì máa ń bàjẹ́ jù lójú àwòrán. Òkúta tó bá fà báyìí lè dà bíi pé ó tóbi ju bó ṣe rí lọ, ó sì lè pòórá.

Mo ní kí Dádì sọ bí ọjọ́ méjèèjì ṣe rí. Ní ti Ìbàdàn, àjà kẹta ni ibi àyẹ̀wò wà, lífítì ò ṣiṣẹ́, wọ́n gun àtẹ̀gùn, bí wọ́n ṣe ń dé ni wọ́n ní kí wọ́n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó wà nísàlẹ̀ ìwé náà lóòótọ́, ní lẹ́tà tí ẹni tó bá ju ọgọ́ta ọdún lọ ò lè kà láìsí gíláàsì: ọkàn ń lù ní 78. Ní Èkó, wọ́n fún wọn ní oògùn tó ń dín eré ọkàn kù, wọ́n jẹ́ kí wọ́n jókòó fún bíi wákàtí kan. 61. Tó bá jẹ́ èmi, ìlà kékeré yìí ni mo máa fi báírò pupa fà sábẹ́ rẹ̀ kí n tó dé orí nọ́ńbà mẹ́rin yẹn rárá.

Nǹkan mìíràn tí wọ́n ṣe ní Èkó, tí Dádì ò rántí pé wọ́n ṣe ní Ìbàdàn, ni oògùn kan tí wọ́n fún wọn fi sábẹ́ ahọ́n. Nitroglycerin ni. Ó máa ń jẹ́ kí òpó ẹ̀jẹ̀ tú ara sílẹ̀, kó fẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó ya àwòrán. Ẹni tí wọ́n fún àti ẹni tí wọn ò fún, kì í ṣe òpó kan náà ni à ń wọ̀n mọ́. (Ẹ̀yin ọkùnrin, oògùn yìí ni nọ́ọ̀sì fi ń béèrè bóyá ẹ lo mánpáwà láìpẹ́ yìí. Kì í ṣe òfófó. Méjèèjì lè jọ fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ débi tí ènìyàn á ṣubú. Ẹ sọ òtítọ́, kódà tí ìyàwó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.)

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dá Dádì lóhùn. Báwo ni òkúta ṣe lè pọ̀ sí i, kí ojú òpó sì fẹ̀ sí i?

Àkọ́kọ́ ná, kì í ṣe àwòrán kan náà ni nọ́ńbà méjèèjì ti wá. Wọ́n máa ń ya ti kálísíọ̀mù láìsí dáì rárá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa fa dáì sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á wá ya àwòrán mìíràn tí abala rẹ̀ tín-ín-rín gan-an, inú ìyẹn ni wọ́n ti ń wo bí ojú òpó ṣe fún tó. Àṣìṣe tó bá wọ inú ọ̀kan kò pọn dandan kó wọ inú èkejì, wọ́n sì lè gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ.

Ìkejì, ògiri òpó ni òkúta ń gbé, kì í ṣe ojú ọ̀nà. Ní 1987, Seymour Glagov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọkàn àwọn òkú hàn pé bí ẹrù, ìyẹn ọ̀rá àti òkúta, bá ń kó jọ sára ògiri òpó, òpó náà á máa wú síta láti fi àyè gba ẹ̀jẹ̀, ojú ọ̀nà kì í sì í sábà bẹ̀rẹ̀ sí í fún títí ẹrù náà á fi gba nǹkan bí 40% àyè tó wà nínú òpó. Ẹni tí kálísíọ̀mù rẹ̀ ga lè ní ojú òpó tó ṣí dáadáa. Oògùn tó ń fa ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ náà, statin, lè mú kí òkúta le sí i kí nọ́ńbà sì lọ sókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ààbò ló ń ṣe.

Ìkẹta ni èyí tí mo gbà pé ó ṣe iṣẹ́ jù nínú ọ̀rọ̀ Dádì. Òkúta máa ń tàn jù bó ṣe yẹ lójú CT. Ẹ wo iná iwájú mọ́tò tó ń bọ̀ lálẹ́ lójú ọ̀nà Ìwó: gílóòbù rẹ̀ ò ju ìka lọ, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀ tóbi bí àwo. Bẹ́ẹ̀ ni òkúta ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ bo ojú òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ọ̀nà á fi dà bí ẹni pé ó fún ju bó ṣe fún lọ. Tí ọkàn bá tún ń sáré, ìmọ́lẹ̀ náà á fà sí i. Ẹ̀rọ tó bá ríran dáadáa, lára ọkàn tó ń lù jẹ́jẹ́, á dín ìmọ́lẹ̀ yẹn kù, ojú òpó á "là". Àwọn ẹ̀rọ tuntun kan tiẹ̀ wà tí wọ́n ń ka ìtànṣán lọ́kọ̀ọ̀kan, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àkọ́kọ́ wọn ní 2021, tí ìmọ́lẹ̀ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ da wọ́n láàmú. Tí wọ́n bá fi òmíràn nínú wọn ya Dádì, nọ́ńbà kẹta nìyẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìdá ọgọ́rùn-ún fúnra rẹ̀. 52% nínú kí ni? Ẹni tó ń ka àwòrán á wá ibi tó fún jù, á wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà á wá ibi tó dára nítòsí, á fi ṣe òṣùwọ̀n. Ta ló yan ibi tó dára? Òun náà ni. Ká ní ibi tó fún jù jẹ́ mílímítà 1.5. Tí dókítà kan bá mú ibi tó fẹ̀ ní 3.1 gẹ́gẹ́ bí ibi tó dára, ó fún ní 52% nìyẹn. Tí dókítà mìíràn bá sún díẹ̀ sísàlẹ̀, tó mú ibi tó fẹ̀ ní 2.7, ó di 44%. Ibi tó fún ò yí padà, ibi tí wọ́n fi wé e ló yí padà. Lára ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tí ẹrù ti kó jọ díẹ̀díẹ̀ sára òpó láti òkè délẹ̀, ibi tó dára yẹn lè má sí rárá, wọ́n á kàn mú èyí tó sàn jù.

Àwọn kan á ní ẹ fi CT sílẹ̀, ẹ lọ ṣe èyí tí wọ́n ń ki rọ́bà bọ inú òpó láti ọwọ́ tàbí itan, pé òun ni kì í purọ́. Dókítà Mason Sones ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Cleveland, Amẹ́ríkà, ní 1958, èèṣì sì ni: rọ́bà bọ́ sínú òpó ọkàn nígbà tí kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Lóòótọ́ ojú rẹ̀ mú ju ti CT lọ. Ṣùgbọ́n òjìji òpó ló ń yà, òjìji tí ẹ bá wò láti ẹ̀gbẹ́ lè fẹ̀, kó sì tín-ín-rín tí ẹ bá wò ó láti iwájú. Rọ́bà náà ni wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n, nọ́ńbà 6 nínú wọn fẹ̀ ní mílímítà 2 géérégé, tó bá sì jìnnà sí òpó díẹ̀ nínú àyà, òṣùwọ̀n ti yẹ̀ nìyẹn. Láti àárín ọdún 1970 sí 1979 ni àwọn dókítà ti fi fíìmù kan náà fún ara wọn kà, tí wọ́n sì rí i pé àwọn ò fohùn ṣọ̀kan. Kódà ẹnì kan náà tó ka fíìmù kan lẹ́ẹ̀mejì lè má bá ara rẹ̀ mu. Ojú lásán sì máa ń fẹ́ fi kún ibi tó fún gan-an. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá ń fi wáyà wọn bí agbára ẹ̀jẹ̀ ṣe ń já kí ó tó kọjá ibi tó fún àti lẹ́yìn tó kọjá. 0.80 ni wọ́n fi ṣe ààlà níbẹ̀, 0.79 àti 0.81 sì máa ń dá wàhálà tirẹ̀ sílẹ̀.

Ààlà gan-an ló ń dà wá láàmú. Láti 2016 ni àwọn tó ń ka CT ọkàn kárí ayé ti ń lo ètò kan tí wọ́n ń pè ní CAD-RADS: 25% sí 49% jẹ́ ipò 2, 50% sí 69% jẹ́ ipò 3, 70% sí 99% jẹ́ ipò 4. Ètò tó dáa ni, torí nígbà kan ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni oníkálukú ń kọ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó lè fi 10% yẹ̀ la fi ń pín ènìyàn sí ipò méjì tí ìmọ̀ràn wọn yàtọ̀: fún ipò 3, wọ́n lè ní kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò mìíràn, fún ipò 2, oògùn àti oúnjẹ. Ó wù mí kí ìwé àyẹ̀wò máa kọ ọ́ báyìí: "52%, ó lè jẹ́ 45, ó lè jẹ́ 60." Àwọn ilé àyẹ̀wò ò ní ṣe é, torí àwa oníbàárà fẹ́ràn nọ́ńbà tó dúró ṣinṣin, a sì máa ń sọ pé ẹni tó bá sọ "ó lè jẹ́" ò mọ iṣẹ́.

Àwọn kan ń polówó kọ̀ǹpútà tó ń ka àwòrán fúnra rẹ̀. Ó wúlò, torí tí ẹ bá fún un ní àwòrán kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ohun kan náà ló máa sọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ọwọ́ ìyá oní-gàrí ló tún ṣe nìyẹn. Kò lè tún àwòrán tí ọkàn tó ń sáré ti bàjẹ́ ṣe.

Ti iná mànàmáná náà, mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí rẹ̀. Kì í ṣe pé tí wọ́n bá mú iná lọ, kálísíọ̀mù yín á lọ sókè. Àmọ́ ẹ̀rọ CT ní láti máa gba ìdánwò: wọ́n á gbé ike tí omi kún inú rẹ̀ sí i, omi náà sì gbọ́dọ̀ ka 0. Tó bá ka 4, ẹ rántí 198 àti 202. Ẹ̀rọ tó kú lójijì ní láti gbóná padà kí wọ́n tún un dán wò kó tó fọwọ́ kan ènìyàn. Ilé àyẹ̀wò tó mọṣẹ́ á ṣe é. Ẹ lè béèrè ìgbà tí wọ́n dán an wò kẹ́yìn, kò sẹ́ni tó máa nà yín.

Ohun kan wà nísàlẹ̀ ìwé Èkó tó dun Dádì ju gbogbo rẹ̀ lọ: ìlà kan tó sọ pé wọ́n ju ìdá báyìí báyìí nínú ọgọ́rùn-ún "àwọn ẹgbẹ́ wọn" lọ. Àwọn ẹgbẹ́ wo? Mo béèrè ibi tí wọ́n ti mú ìdá náà, wọ́n ní MESA. Àwọn ará Amẹ́ríkà ọmọ ọdún 45 sí 84 ni: aláwọ̀ funfun, aláwọ̀ dúdú, ará Ṣáínà, àti àwọn tó ti Látìn Amẹ́ríkà wá. Aláwọ̀ dúdú tó dàgbà sí Baltimore kì í ṣe bàbá tó dàgbà sí Òkè-Ààrẹ̀mọ, tó fi àmàlà àti ìrìn ẹsẹ̀ dé ogójì ọdún kó tó mọ búrẹ́dì oníṣúgà. Lórílẹ̀-èdè yìí, láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí UCH ní 1957, ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ríru bà jẹ́ ni àwọn dókítà ń rí jù, kì í ṣe òpó tó dí. Nọ́ńbà 108 jẹ́ ti Dádì. Ipò tí wọ́n tò wọ́n sí láàárín àwọn ẹgbẹ́ wọn, ti ẹlòmíràn ni.

Tí ẹ bá ní láti ṣe àyẹ̀wò yìí, ohun tí mo sọ fún Dádì náà ni mo máa sọ fún yín. Ẹ má gba ìwé nìkan, ẹ gba CD tí àwòrán wà nínú rẹ̀, torí ìwé ò ṣe é tún kà. Tó bá di dandan kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ padà síbi tí ẹ ti ṣe ti àkọ́kọ́, kí ọwọ́ tó wọ̀n ọ́n lè jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ tètè dé, ẹ jókòó, ẹ má mu kọfí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ má sì sáré tún un ṣe torí pé ìwé kan ba yín lẹ́rù: ìtànṣán wà níbẹ̀, dáì náà sì ń gba inú kíndìnrín kọjá. Èyí ò kan ẹni tí àyà ń dùn bíi pé wọ́n gbé òkúta lé e, tó ń làágùn, tí apá ń ro. Ìyẹn ò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú nọ́ńbà, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ bi dókítà yín ní ìbéèrè kan: tó bá jẹ́ 45 dípò 52, kí ni ẹ máa ṣe tó yàtọ̀? Nínú ìwádìí ISCHEMIA, tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2020, ènìyàn 5,179 tí àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ò dé ara ọkàn wọn tó ni wọ́n pín sí méjì. Àwọn kan tètè gba iṣẹ́ abẹ tàbí sténtì (ihò wáyà kékeré tí wọ́n fi ń la òpó) kún oògùn, àwọn yòókù fi oògùn bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ikú àti ìkọlù ọkàn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sténtì máa ń mú kí àyà dídùn dín kù, wọn ò sì mú àwọn tí gbòǹgbò òpó apá òsì wọn ti fún wọ inú rẹ̀. Dádì ò tiẹ̀ ní àyà dídùn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ní.

A gbé CD méjèèjì lọ bá dókítà ọkàn kan lọ́jọ́ Tuesday. Obìnrin ni, kò tíì ju ogójì ọdún lọ. Ó ṣí méjèèjì sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ó fi máòsì wọ̀n wọ́n níṣojú wa. Ti Ìbàdàn, 49. Ti Èkó, 47. Dádì ní kó jọ̀ọ́ kó tún ti Ìbàdàn wọ̀n. Ó tún un wọ̀n: 51.

"Ṣé fíìmù kan náà ni, Dókítà?"

"Fíìmù kan náà ni, Bàbá. Ọwọ́ mi lẹ rí yẹn." Ó rẹ́rìn-ín. Kò yí oògùn kankan padà, ó kàn ní kí wọ́n máa wọn ìfúnpá wọn nílé láràárọ̀.

Gosílóò mú wa ní Dùgbẹ̀ nígbà tí à ń bọ̀. Dádì yọ ìwé pélébé tí wọ́n ń kọ nǹkan sí láti inú àpò, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: 47 sí 51. Mọ́mì na ọrùn wò ó. Wọ́n ní pẹ́ńsù lẹ fi kọ ọ́, ṣé kí n wá báírò fún yín nínú báàgì. Dádì ní rárá, pẹ́ńsù yẹn náà dára.